Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Tó Gun Òkè Lọ́jọ́ Ìdìbò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ yín tó máa ń wú nítorí ìdúró nílé ìwòsàn ti ń sàn, pé àwọn aláìsàn tí ẹ ń tọ́jú kì í sọ̀rọ̀ sí yín láìdáa. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ ní lẹ́yìn ìkíni, ká kọ ọ́ pé àwa náà wà ní àlàáfíà. Màmá wà. Ilé wà. Èmi náà wà, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn máa fi oorun lé lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má baà fi irọ́ bẹ̀rẹ̀.

Màmá jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi. Wọ́n ní ẹ sọ lórí fóònù pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ tó já Màmá kulẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé, ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo wọn, pé ẹ ò ní fẹsẹ̀ tẹ àdúgbò yìí mọ́ láyé, pé ká kó ẹrù wa ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Màmá rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ẹnu lásán ló rẹ́rìn-ín, inú ò bá a lọ. Mi ò lè ṣàlàyé lórí fóònù torí inú yàrá kan náà ni fóònù àti Màmá wà, bí mo bá sì gbé e jáde, etí àwọn ará ilé wa gùn ju okùn tí a ń sá aṣọ sí lọ. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bínú, ẹ bínú.

Ẹ ti pẹ́ níta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ìdìbò wọ́ọ̀dù wa ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá borí nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wa ti di káńsẹ́lọ̀ nìyẹn, torí gbogbo ẹgbẹ́ kejì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan kí àyè ṣì kù fún àlejò. Ibùdó ìdìbò mẹ́ta la ní. Ti Òkè ni ti àwọn onílé àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti dàgbà, wọn ò níṣẹ́ àárọ̀, kò sí ẹni tí kì í jáde nínú wọn, ẹni tí ilé àkọ́kọ́ bá sì dìbò fún, òun ni ilé tó kẹ́yìn náà máa dìbò fún. Ti Ojú Pópó ni ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Àwọn yẹn máa ń pín sí méjì, obìnrin síhìn-ín, ọkùnrin sọ́hùn-ún. Tiwa ní Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ojú irin, ló léèyàn jù. Ọ̀dọ́ ni wá, ayálégbé ni wá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Òkè, àmọ́ iṣẹ́ òwúrọ̀ kì í jẹ́ ká jáde, ẹni tó bá sì ráyè jáde, ohun tó bá gbọ́ lórí ìlà ló máa ń tẹ̀ lé. Nítorí náà bí Òkè bá ti wí náà ni. A pọ̀ bí èèrà, a ò sì rí nǹkan kan gbé.

Torí omi ni Màmá ṣe jáde du ipò káńsẹ́lọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ojú irin. Látìgbà tí ẹ ti lọ, ó ti burú sí i. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń sun, bí oòrùn bá ti yọ, afẹ́fẹ́ ló kù tí á máa kùn nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ tí kò ní omi dà bí awakọ̀ tí kò ní ọ̀nà. Ìgbà tí èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo di ẹni tó ń pọn omi láàárọ̀, tó ń fọ aṣọ lọ́sàn-án, tó ń gbé aṣọ gun Òkè fún àwọn oníbàárà ní Sátidé. Ẹnì kankan ò fi tipá mú mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kankan ò bi mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi á kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á ní "Korobá, ẹ káàárọ̀," wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Korobá ni wọ́n sọ mí. Mi ò sọ ìyẹn fún yín rí.

Lọ́jọ́ tí Màmá gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, wọ́n pè mí sídìí tábìlì tí a ti ń lọ aṣọ, wọ́n ní, "Gbọ́. Bí mo bá wọlé, páìpù omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà wa ni ìwọ náà máa padà sí kíláàsì rẹ." Ẹ̀gbọ́n mi, mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó di ọwọ́ korobá mú lórí òkúta tó ń yọ̀. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í fò sókè fún ayọ̀. Àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé mi àtijọ́ nígbà tí mo bá ń dúró de omi.

Màmá ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ aṣọ tán, wọ́n á lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, wọ́n á máa bẹ àwọn tó ń jáde pé kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ ìdìbò pẹ̀lú ara wọn kí gbogbo ilé lè rẹ́ni jáde. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ń sọ fún wọn pé, "A pọ̀ jù wọ́n lọ. Ká ṣáà jáde." Ẹni tó ń bá wọn dupò ni Akọ̀wé, ẹ rántí wọn, bàbá tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ akọ̀wé kóòtù, tí ilé wọn wà lókè pátápátá, tó máa ń de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì títí dé ọrùn nínú ooru. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn ló mú kí gbogbo rẹ̀ túbọ̀ sú mi. Oníbàárà wa ni wọ́n. Gbogbo Òkè ni oníbàárà wa.

Ọjọ́ ìdìbò wá bọ́ sí Sátidé. Sátidé ni ọjọ́ tí aṣọ máa ń jáde nílé wa, ẹ̀yin náà mọ òfin Màmá: aṣọ oníbàárà kì í di ọjọ́ ìsinmi mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́." Wọ́n ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun Akọ̀wé lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Mo ní, "Màmá, ẹni tí ẹ fẹ́ borí lónìí lẹ ń lọ aṣọ fún." Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ìdìbò ọjọ́ kan ni. Iṣẹ́ mi ni ayé fi mọ̀ mí. Ṣé kí bàbá àgbàlagbà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó rún lọ síwájú èèyàn torí pé èmi ni mò ń bá a dupò?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ká a sínú báàgì nígbà náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú bàbá wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì tó mu sítáàṣì, a kì í ká a. Orí hángà ló ń gbé, òkè la sì ń gbé e sí kí ìdí rẹ̀ má baà gbá erùpẹ̀. Iṣẹ́ ilé wa nìyẹn. Inú bí mi, mo gbé e, mo sì jáde.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọdá ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa, iwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ló sì gbà kọjá. Abẹ́ páànù wẹ́dà yìí ni ibùdó ìdìbò Ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà ọjọ́ yẹn! Mi ò rírú ẹ̀ rí. Ó gba iwájú wẹ́dà, ó yí ilé oníbúrẹ́dì po, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ omi. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́, àwọn mìíràn ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ òru. Ọkàn mi kọ́kọ́ gbé sókè. Mo ní ó tán, mo ti padà sí kíláàsì. Mo sì ń bọ̀ níwájú gbogbo wọn, mo na ṣẹ́ẹ̀tì funfun Akọ̀wé sókè gàgàrà lórí hángà, bí ẹni tó gbé àsíá.

Rédíò ló kọ́kọ́ rí mi. Ẹ mọ Rédíò, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà, tí ìròyìn kì í wọ etí rẹ̀ kó má gba ẹnu rẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ, àmọ́ mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí, ẹ forí jì mí. Ó ní, "Àbúrò, ta ló ni ṣẹ́ẹ̀tì?" Gbogbo ìlà ló ti mọ ẹni tó ni ín, kò sí ẹlòmíì tó ń wọ irú kọ́là bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ bí mo ṣe máa ń ṣe, bí inú bá ti ń bí mi, ẹnu mi á wúwo. Mo kọjá. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ní, "Ha! Àsíá àlàáfíà nìyẹn! Ìyá Alágbàfọ̀ ti gbà fún Akọ̀wé!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín náà ni gbogbo rẹ̀.

Lókè, àwọn àgbà ti gbé àga jáde síbi ìdìbò wọn, wọ́n jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọn ò tíì lè jáde. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá rẹ rán ọ? Lónìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, "Lónìí náà?" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Màmá Olódòdó, ìyá àgbà tó gbin òdòdó yí ọgbà wọn ká, wà lórí àga nítòsí, wọ́n sì gbọ́. Wọ́n yí sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ nǹkan sí i létí, ìyẹn náà sọ fún èkejì. Mi ò dúró. Ooru ti mú mi.

Nígbà tí mo padà sọ̀kalẹ̀, ìlà wa ti já. Àwọn òṣìṣẹ́ òru ti ń lọ sùn. Àwọn kan ń kùn pé àwọn fi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò nítorí ẹni tó ti lọ bá àwọn ará Òkè ṣe ìpàdé ẹ̀yìn ilé. Mo ní irọ́ ni, iṣẹ́ wa ni kí a gbé aṣọ lọ. Bí mo ṣe ń pariwo tó ni ó ń dà bí irọ́ sí i. Rédíò wá sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn gbé bí ẹni gbé orin. Ó ní, "Bí a bá máa dìbò fún hángà, ṣé kò sàn ká dìbò fún ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì?" Àwọn tó kù lórí ìlà rẹ́rìn-ín títí dé ìdí àpótí, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ pe Màmá wá láti Ojú Pópó. Màmá sáré dé pẹ̀lú ìwérí tó ti fẹ́ẹ́ tú, wọ́n ń tẹ̀ lé ìlà láti orí dé ìdí, wọ́n ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Èmi ṣì ni mò ń du ipò náà." Àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan tí Màmá bẹ lẹ́nu géètì lọ́pọ̀ ìgbà ní, "Ìyá, a ò bínú. Ẹ̀ bá kàn ti sọ fún wa ní kùtùkùtù." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọjọ́ ìdìbò.

Ibi tó wá yà wá lẹ́nu nìyí. Ojú Pópó dì í bó ṣe máa ń dì í, obìnrin fún Màmá, ọkùnrin fún Akọ̀wé, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì. Àbájáde Ìsàlẹ̀ dé, Akọ̀wé borí Màmá nínú ilé wọn. Mo ti ń lọ nígbà tí wọ́n ka ti Òkè. Òkè, tí kì í pín! Òkè pín sí méjì géérégé. Gbogbo àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ló dìbò fún Màmá, àti àwọn bàbá mélòó kan tó ń gbọ́ràn sí ìyàwó lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ka èsì náà ṣí dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní látìgbà tóun ti ń ka ìbò, òun ò rí i rí kí Òkè ṣe bí Ìsàlẹ̀ kí Ìsàlẹ̀ sì ṣe bí Òkè. Ìbò mọ́kànlá ni Akọ̀wé fi ju Màmá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ òru tó lọ sùn nìkan ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀.

Màmá bọ Akọ̀wé lọ́wọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì dúró ṣánṣán lára wọn, kọ́là ò tẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀. A padà sílé, Màmá da omi sórí iná, wọ́n ṣe tíì, wọn ò mu ún. Mi ò bi wọ́n nípa kíláàsì mi. Wọn ò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó sáàárín àwa méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí yóò lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo gbé aṣọ ìdọ̀tí kọjá lọ́dọ̀ Màmá Olódòdó. Wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní omi tútù, omi tó ń jáde látinú ògiri ilé wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó lè fi aṣọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a jà lọ́jọ́ ìjà, kò ní kó owó wa sá. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn." Inú mi ń dùn lọ. Wọ́n wá fi kún un pé, "A sì mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé rán níṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé omi náà sílẹ̀ láìmu ún tán. Mo rò ó títí mo fi délé. Ohun tí Òkè rí lára ṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni Ìsàlẹ̀ rí: pé Màmá ṣeé rán níṣẹ́. Àwọn kan dìbò fún wọn nítorí rẹ̀, àwọn kan sá fún wọn nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i pé iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n kàn ń ṣe. Nítorí náà, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ti já kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó rí aṣọ funfun, ara wọn ti fu.

Rédíò wá lọ́jọ́ kejì. Kò kí wa dáadáa. Ó kàn lóṣòó sídìí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wa tí táyà rẹ̀ ti ń jò tipẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Rédíò, kí ni ìròyìn?" Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ lásán ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn?" Màmá ní, "Iṣẹ́ lásán ni." Ó fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì nu ojú, ó ní, "Háà. Ẹnu mi á pa mí lọ́jọ́ kan." Màmá ní, "Kò ní pa ọ́. Àwa ló ń pa." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí rẹ̀. Èmi ò tíì parí tèmi. Mi ò tíì dáhùn ìkíni rẹ̀ títí dòní.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ Akọ̀wé tún gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá, pẹ̀lú òógùn àti erùpẹ̀ ọjọ́ ìdìbò lára rẹ̀. Mo wà nídìí dúrọ́ọ̀mù, mò ń da omi. Màmá gbà á, wọ́n nà án sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n wo kọ́là, wọ́n wo abíyá, bí wọ́n ṣe máa ń wo gbogbo aṣọ. Wọ́n pẹ́ lórí èyí. Wọ́n wá ní, "Sọ fún bàbá pé ó máa jáde ní Sátidé bó ṣe máa ń jáde. Àmọ́ kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Mi ò ní ẹni tí mo máa rán mọ́. Ọmọ mi ń padà sílé ẹ̀kọ́." Báyẹn ni mo ṣe gbọ́ ọ. Wọn ò sọ ọ́ fún mi, ọmọ ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni wọ́n sọ ọ́ fún. Omi ti kún dúrọ́ọ̀mù ó ti ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀.

Mo bi wọ́n pé ta ló máa pọn omi. Wọ́n ní, "Èmi." Mo ní èjìká yín ńkọ́? Wọ́n ní, "Aṣọ á dín kù. Kó dín kù." Wọ́n ránṣẹ́ kan náà sí gbogbo Òkè. Àwọn kan ti kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi máṣìnnì fọ aṣọ ní Ojú Pópó, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Tíì àti búrẹ́dì là ń jẹ lálẹ́ báyìí. Mo fẹ́ kí inú mi dùn, àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rí Màmá tó gbé korobá tó ń yí èjìká. Kí ni a ń pe irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀? Wọn ò kọ́ wa ní orúkọ rẹ̀ kí n tó kúrò ní kíláàsì.

Sátidé tó kọjá ni Akọ̀wé sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn. Mi ò rò pé wọ́n ti sọdá ojú irin rí, àyàfi bóyá nígbà ìpolongo, nínú ọkọ̀. Omi ò tètè sun lọ́jọ́ náà, ìlà korobá gùn, ó sì dí ọ̀nà ilé wa. Bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti gba àárín rẹ̀ kọjá, obìnrin kan tí kò mọ̀ wọ́n fa apá aṣọ wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ tò sẹ́yìn o. Gbogbo wa la ti ń dúró látàárọ̀." Káńsẹ́lọ̀ wa lọ́la sì tò sẹ́yìn. Mò ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró sí ìdí ìlà omi láìní korobá lọ́wọ́, wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà tó ń kán tó, tó, tó, títí ẹnì kan fi dá wọn mọ̀ tó mú wọn jáde. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún Màmá. Bóyá wọ́n á ṣe nǹkan sí i, bóyá wọn ò ní ṣe é. Mi ò fọkàn sí i. Ó ti sú mi láti máa fọkàn sí nǹkan.

Màmá gbé ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé e: "Ẹ na ọwọ́ sókè, sà. Ìdí rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀." Akọ̀wé na ọwọ́ sókè. Wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lókè gàgàrà, títí wọ́n fi dé iwájú wẹ́dà. Rédíò rí wọn. Mo rí i tó ń gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ bò ó. Kò ṣeé ṣe. Ó fò dìde, ó pariwo, "Ẹ wá wò ó o! Akọ̀wé ti gbà fún Ìyá Alágbàfọ̀!" Iná wẹ́dà kú. Akọ̀wé dúró, wọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo Rédíò, wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì lórí hángà. Wọ́n ní, "Ó ku ìbò mọ́kànlá." Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ torí apá ti ń ro wọ́n, wọ́n sì ń gun òkè lọ. Ẹ̀rín tó bú lẹ́yìn wọn, ẹ lè ti gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn. Mo yíjú wo Màmá. Wọ́n ti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n di tábìlì mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí inú bá a lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn wọn. Èmi náà ò tíì fẹ́ràn wọn. Àmọ́ a ò ní kó ẹrù, Màmá ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìsinmi, ẹ wálé. Ẹ gba iwájú wẹ́dà kọjá, kí wọ́n rí yín. Bí ẹ bá sì dé láàárọ̀, ẹ mú korobá kan.

Ọlọ́run á dáàbò bò yín lọ́sàn-án àti lóru. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, kò ní rọ. Ẹsẹ̀ yín ò ní wú mọ́. Iṣẹ́ yín ò ní já sófo, a ò sì ní gbọ́ yín ní búburú.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tí inú máa ń bí, tí ẹ ṣì ń fẹ́ràn,
Korobá.

Àfikún ọ̀rọ̀: Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni mo máa wọlé ẹ̀kọ́. Èmi ni màá dàgbà jù ní kíláàsì, ojú ti ń tì mí tẹ́lẹ̀. Màmá yọ yẹ̀rì ilé ẹ̀kọ́ yín àtijọ́ jáde látinú àpótí, wọ́n tú ìbàdí rẹ̀ fún mi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, ó ti wà lórí hángà lára ògiri látàná. Ó funfun ju ṣẹ́ẹ̀tì Akọ̀wé lọ. Èyí, ara mi ni mo máa fi gbé e kọjá níwájú wọn.